Ohun Tí Ilé Gàrí Yóò Jẹ

Ràhímọ́tù tí ó ń ta páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Dassa ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé ilé máa ń jẹun. Mo lọ bi í ní iye páànù ni, nítorí ẹgbẹ́ àwa obìnrin fẹ́ kọ́ ilé tí a ó ti máa ṣe gàrí. Ó fi èékánná kan páànù tín-ín-rín kan, ó dún bí agolo òfìfo.

Ó ní, "Ìyá Gisèle, èyí kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ bá kọ́ ilé tán ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i? Ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ ọ. Ilé máa ń jẹun. Òmíràn ń jẹ díẹ̀díẹ̀, òmíràn ń jẹ bí ẹni tí ó ti oko ebi dé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá Ràsáàkì, ẹ kàn fẹ́ ta èyí tí ó nípọn fún mi ni."

"Mo fẹ́ tà á, kí ló burú? Ṣé àdúrà ni mo jókòó síbí fún? Ẹ ra èyí tí ó wù yín. Tí èéfín ààrò bá ti jẹ ẹ́ tán, ẹ mọ ọ̀nà ìsọ̀ mi."

Mo gun alùpùpù zẹ́mì padà sílé, mo sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí a tó dé ẹsẹ̀ òkè, nítorí ọkàn mi kò sí lára páànù. Ara ẹ̀rọ ni ó wà.

Abúlé wa wà ní apá Kpingni, níbi tí àwọn òkè ti fi èjìká kan ara wọn. Ẹ̀gẹ́ ni a ń gbìn jù, gàrí ni a sì ń fi ṣe. Orí páànù tí a fi ìṣó dá lu ni a ti ń rin ín, lábẹ́ àtíbàbà koríko tí òjò ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Kò sí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa tí orí ìka rẹ̀ kò ní àpá. Gisèle ọmọ mi, tí ó mọ ìwé kí èmi tó mọ̀ ọ́n, a máa sọ pé tí àwọn ará mérì, ìjọba ìbílẹ̀ wa, bá ní kí a wá fi ìka tẹ ẹ̀rọ wọn kí wọ́n lè mọ ẹni tí a jẹ́, ẹ̀rọ náà yóò sọ pé kò sí ẹni kankan níbẹ̀.

Nígbà tí iléeṣẹ́ kan tí ń ran ẹgbẹ́ obìnrin lọ́wọ́ ṣèlérí pé àwọn yóò fún wa ní owó ilé, wọ́n ní ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá kọ́ ọ tán, tiwa ni, kí a fi ra ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́. Láti ọjọ́ náà, gbogbo wa ni a ń fojú inú rí ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí ń fojú inú rí ilé. Ògiri amọ̀, òpó igi, páànù tín-ín-rín, kí ó ṣáà ti dúró, kí owó ṣẹ́ kù. Èmi ni olórí ẹgbẹ́, ohùn tèmi ni ó sì ròkè jù nínú ariwo náà.

Bàbá Ignace gbè wá lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ọkọ mi ti kú, òun ni ó sì dúró ní ipò bàbá fún Gisèle. Òun náà ni olórí agbo ilé wa. Ó ní inú ilé amọ̀ ni wọ́n bí òun sí, inú rẹ̀ ni òun yóò kú sí, òun kò sì rí ohun tí ilé gàrí fi ju òun lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé ta ni yóò máa rẹ́ ògiri náà lẹ́yìn òjò, èsì kan náà ni yóò fọ̀.

"Àwọn àna ńkọ́?"

Mo ní láti ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kì í ṣe ará wa. Ní agbo ilé tiwa, ọkùnrin tí ó bá ń fẹ́ ọmọ wa yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn yóò po amọ̀, wọn yóò sì rẹ́ ògiri ilé bàbá ọmọ náà títí yóò fi dán. Ọ̀wẹ̀ ni. Kì í tán lẹ́yìn ìgbéyàwó. Níwọ̀n ìgbà tí òjò bá ṣì ń fọ ògiri, àna yóò máa wá. Nígbà tí ó bá sì parí tí ó ń lọ, yóò dúró níbi àpáta tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà abúlé, yóò bojú wẹ̀yìn wo iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ìbojúwẹ̀yìn yẹn ń sọ. Ó ń sọ pé, mo rí i, mo ń padà bọ̀. Àna tí kò bá bojú wẹ̀yìn, a jẹ́ pé kò jẹ wá ní gbèsè iṣẹ́ mọ́. Láti ìgbà tí mo ti wọ agbo ilé náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, mi ò tíì rí irú rẹ̀.

Narcisse ni ó ń fẹ́ Gisèle. Ọmọ Aklampa ni, ẹnu rẹ̀ kì í kúrò lẹ́rìn-ín, ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ fífi iná oòrùn sórí ilé ní Parakou, ọ̀gá rẹ̀ sì fẹ́ gbà á sí iṣẹ́ gidi tí ó ní owó oṣù. Ohun kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ wọn máa ń pọ̀ jù, nítorí kò sí òjò tí yóò lé wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé. Ọ̀gá náà sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé ẹni tí ó bá fi òun sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn nítorí ògiri àna rẹ̀, kí ó kúkú máa rẹ́ ògiri lọ, kí ó má padà wá.

Ilé tí ọkọ mi kọ́ sílẹ̀ fún wa ní sìmẹ́ńtì lára, kò gba amọ̀. Nítorí náà ọkàn Narcisse balẹ̀. Àfi ní ọjọ́ Àìkú kan tí ó wá kí wa lẹ́yìn ìsìn, tí Bàbá Ignace na ìka sí i nígbà tí ó ń jẹun lọ́wọ́.

"Ọmọ Aklampa!"

"Bàbá."

"Wọ́n ní ògiri ìyá ìyàwó rẹ kì í jẹ amọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, Bàbá."

"Ó dára. Ilé gàrí ni ìwọ yóò máa rẹ́. Ìwọ ni ó kéré jù nínú àwọn àna, ìwọ ni wàá máa kó wọn wá."

"Títí di ìgbà wo, Bàbá?"

"Títí wàá fi bí ọmọbìnrin, tí àna tìrẹ náà yóò fi dàgbà kó gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Narcisse náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Èmi tí mo se ọbẹ̀ náà ni mo rí i.

Nígbà tí ó lọ tán, Gisèle bá mi níbi tí mo ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó mú ọ̀bẹ, ó jókòó tì mí, ó ń bá mi bó o.

Ó ní, "Ìyá mi, tí ó bá fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ nítorí mi, gbogbo ọjọ́ ayé wa ni yóò máa wò mí bí ẹni tí ó gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Tí kò bá sì fi í sílẹ̀, èmi ni yóò fi sílẹ̀."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Kò sọ ọ́. Ó ń ṣe àwàdà. Tí nǹkan bá dùn ún gan-an ni ó máa ń ṣe àwàdà. Ẹ kò lè bá Bàbá sọ̀rọ̀?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n ní kí wọ́n má kọ́ ilé? Ilé amọ̀ ni yóò jẹ́ kí owó ẹ̀rọ ṣẹ́ kù. Èmi ni mo ti ń ki ẹ̀rọ náà fún gbogbo obìnrin abúlé, àwọn kan tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ lò ó. Mo wo ọwọ́ ara mi, mo wo ojú ọmọ mi, mo sì ń bó ẹ̀gẹ́ lọ.

Ní ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, mérì rán Juvénal sí wa. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ètò ilé kíkọ́, ó wọ bàtà aláwọ̀ tí pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ ọ̀nà wa ti pa láró. Orí àpáta pẹrẹsẹ tí a máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí ni a ti gbà á lálejò, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òkúta ti tutù tó láti jókòó lé. Àwọn obìnrin jókòó sí apá kan, Bàbá Ignace àti àwọn àgbà ọkùnrin sí apá kejì, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ funfun báláú láàrin wa.

Juvénal ní, "Bon. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, n kò wá yan ilé fún yín. Mo wá kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń yàn. Ṣé mo lè yá lára ẹ̀gẹ́ yìí?"

Antoinette, ìyàwó Bàbá Ignace, ìyálé mi, ni ó ni ẹ̀gẹ́. Ó ní, "Mú un, má ṣáà jẹ ẹ́. Kò tíì gbẹ dáadáa, inú á run ọ́."

Juvénal mú èédú, ó ya ilé kan sórí àpáta, ó ní ilé amọ̀ nìyẹn. Ó ya òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní èyí jẹ́ ti òkúta, òkúta òkè wa níbí, pẹ̀lú páànù tí ó nípọn, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, àti gọ́tà tí yóò máa gbé omi ẹ̀gẹ́ jáde. Ó wá ń kó ẹ̀gẹ́ sábẹ́ wọn. Ó ní ẹyọ ẹ̀gẹ́ kan dúró fún owó àpò gàrí kan. Abẹ́ ilé amọ̀ gba ìwọ̀nba díẹ̀. Abẹ́ ilé òkúta ga títí ó fi ń yẹ̀ lulẹ̀.

"Yéè!" ni àwọn obìnrin ké.

Bàbá Ignace ní, "Ọ̀rọ̀ ti parí. Ojú gbogbo wa ló rí i."

"Kò tíì parí, Bàbá. Èyí ni ohun tí ẹ ó ná láti kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fẹ́ lo ilé náà fún ogún ọdún. Kí ni yóò jẹ láàrin ogún ọdún náà?"

Bí ó ti sọ "jẹ" yẹn, àfi bí ẹni pé Ràhímọ́tù jókòó lẹ́yìn mi tí ó ń fi èékánná kan páànù.

Juvénal ń bi wá léèrè, àwa ni a ń dáhùn. Páànù tín-ín-rín lókè ààrò tí a ń yan gàrí, tí èéfín àti ooru ń lù láràárọ̀, yóò pẹ́ tó? A mọ̀, nítorí a ti rí ti ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ẹ̀gẹ́ kún ti ilé amọ̀. Òpó igi ńkọ́? Ikán. Ó fi kún un. Ilẹ̀ tí a lù lásán ńkọ́, tí omi ẹ̀gẹ́ kíkan ń dà sí? Obìnrin kan ní yóò di kòtò, ewúrẹ́ yóò máa bímọ sínú rẹ̀. Ó fi kún un. Ó fi díẹ̀ kún ti ilé òkúta náà, nítorí ilé òkúta ń jẹ ṣùgbọ́n kì í jẹ àjẹkì. Nígbà tí ó ṣe èyí tán, òkìtì méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ti amọ̀ ṣì kéré ju ti òkúta lọ.

Ó mú ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀gẹ́ kan dání. "Ó ku ògiri rírẹ́. Amọ̀ kò ní owó lórí. Iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Òfo!" ni Bàbá Ignace wí. Àwọn àgbà ọkùnrin gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Òfo! Àwọn àna ni."

"Ọdọọdún, Bàbá? Kò sí ohun tí ẹ ń ná?"

"Ṣé àna máa ń gba owó ni? Ìwọ tí o kàwé, ṣé o gba owó lọ́wọ́ àna rẹ?"

"N kò tíì ní àna, Bàbá."

"Àbájọ!"

Ẹ̀rín sọ. Juvénal náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "D'accord, mo gbà," ó sì nawọ́ láti dá ẹ̀gẹ́ náà padà sí ibi tí ó ti mú un.

Mo rí ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń lọ sílẹ̀. Mo bojú wo Gisèle tí ó dúró lẹ́yìn àwọn obìnrin, kò wo ẹnikẹ́ni, àpáta ni ó ń wò. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìkòkò. N kò lè sọ bí ó ti wá sí mi lọ́kàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rántí ìkòkò ńlá Antoinette àti odó rẹ̀, ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tí a ti jọ lò nínú agbo ilé yẹn.

Mo ní, "Juvénal, ọmọ mi, má tíì dá a padà."

Ó dúró.

Mo yíjú sí Bàbá Ignace. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Tí àwọn àna bá ń bọ̀ wá rẹ́ ògiri, ṣé wọ́n máa ń gbé iyán wọn dání láti ilé ni?"

Ó wúkọ́ bí ìgbà tí eṣinṣin kó sí ènìyàn lọ́nà ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kọ lu ara òkè, ó tún padà wá bá wa.

"Iyán nìkan kẹ̀?" ni ẹnìkan wí. "Ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Àdìẹ!"

"Sódábì! Àwọn ọ̀rẹ́ àna kì í mu omi lásán."

"Igi ìdáná. Ta ni ó ń lọ ṣẹ́ ẹ?"

"Omi amọ̀. Orí wa ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, orí àwọn àna kọ́!"

"Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá fi wà níbí, ta ló ráyè yan gàrí?"

"Ẹ ò tíì dárúkọ Zéphirin," ni obìnrin kan tí ó ti di arúgbó wí. Zéphirin ni ọkọ ọmọ Antoinette. "Ọwọ́ kan ni Zéphirin fi ń rẹ́ ògiri. Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ń jẹ iyán."

Antoinette ní, "Ẹ fi ọkọ ọmọ mi sílẹ̀," ṣùgbọ́n òun ni ó rẹ́rìn-ín jù.

Àwọn obìnrin ti dìde. Olúkúlùkù mú ẹ̀gẹ́, ó ń sọ ohun tí ó dúró fún, ó ń gbé e sábẹ́ ilé amọ̀. Juvénal ń bá wọn dín in kù níbi tí wọ́n bá ti sọ àsọdùn, ó ń bi wọ́n pé ọdún mélòó nínú ogún, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Ibi gbogbo tí mo bá lọ ni mo ti ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí, òfo ni wọ́n máa ń sọ fún mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òfo, mi ò kàn mọ ohun tí ó jẹ́." Òkìtì ilé amọ̀ ga ju ti òkúta lọ, ó ń ga sí i. Ewúrẹ́ kan yọ́ wá láti ẹ̀yìn, ó gbé ẹyọ kan lára rẹ̀, ó ń rún un.

"Ẹ wò ó," ni mo wí, "wọn ò tíì kọ́ ilé náà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹun."

Antoinette ni ó dìde gbẹ̀yìn. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó gbé ẹ̀gẹ́ kan lé orí òkìtì.

Bàbá Ignace ní, "Ìwọ náà? Kí ni ìyẹn dúró fún?"

"Ẹ̀yìn mi."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Antoinette padà lọ jókòó. Bàbá Ignace wo òkìtì náà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo òkìtì. Ojú rẹ̀ le. Mo rò pé yóò dìde lọ, bí ó bá sì lọ, kò sí ẹni tí yóò yan ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá na ọ̀pá rẹ̀ sí Juvénal.

"Fi ẹyọ kan kún un."

"Ti kí ni, Bàbá?"

"Àkùkọ mi. Èyí tí ó bá dára jù ni wọ́n máa ń pa. Ọdọọdún! Wọ́n á ní àna dé, wọ́n á mú àkùkọ mi. Mi ò tíì rí ẹni bá mi kà á rí." Ó ronú díẹ̀. "Fi méjì."

Báyìí ni ilé amọ̀ ṣe ṣubú láìtíì kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ṣì kù. Àwọn obìnrin kọ́kọ́ béèrè ẹ̀rọ, èmi ni wọ́n sì ń wò. Bí a bá kọ́ ti òkúta, kò sí ohun tí yóò ṣẹ́ kù. Mo fi ọwọ́ mi hàn wọ́n. Mo ní ìka wa ti ń dúró de ẹ̀rọ láti ọjọ́ yìí wá, yóò dúró díẹ̀ sí i, èmi ni mo sì ń bẹ̀ wọ́n. Mo ní Ràsáàkì, ọmọ Ràhímọ́tù, ní ẹ̀rọ tí ó ń rin ẹ̀gẹ́ tí ó gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí ó ń gbé kiri abúlé, gàrí ni ó sì ń gbà dípò owó. Kò gbà láti wá sí ọ̀dọ̀ wa nítorí kò sí ibi gbígbẹ tí yóò gbé e sí. Tí a bá ní ilẹ̀ sìmẹ́ńtì àti òrùlé tí kò jò, yóò wá. Wọ́n kùn. Ẹni kan ní Ràsáàkì ahun ni. Ẹlòmíràn ní ahun tí ó ní ẹ̀rọ sàn ju ọ̀làwọ́ tí kò ní. Wọ́n gbà.

Èkejì ni èyí tí mo ń bẹ̀rù. Bàbá Ignace ti dìde, ó ti ń gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Ó dúró.

"Òkúta ni yóò jẹ́. Ó dára. Àna wo ni yóò wá ṣe ọ̀wẹ̀ lára òkúta? Kí ni ọmọ Aklampa yóò ṣe fún wa tí a ó fi fún un ní ọmọ?"

Gisèle gbé ojú sókè.

Mo ní, "Ọkọ mi, ta ni yóò gbé òkúta sọ̀ kalẹ̀ láti òkè?"

Ó bojú wo òkè. Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òkúta ibẹ̀ pọ́n bí epo.

"Òkúta wúwo ju amọ̀ lọ," ni ó wí.

"Ó wúwo jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi gbé e lọ́dọọdún."

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Títí ògiri yóò fi dé òrùlé. Tí ó bá sì parí, ó parí."

Ó rò ó títí. Juvénal ti fẹ́ la ẹnu, mo ṣẹ́jú sí i pé kí ó dákẹ́. Níkẹyìn Bàbá Ignace kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń lọ sílé. Láìdúró ni ó sọ ọ́: "Ẹ sọ fún un kí ó má mú Zéphirin wá. Oúnjẹ kò tó."

Gisèle jókòó sórí àpáta, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Narcisse dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Aklampa nígbà tí òjò ti dá, kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ tó pè é. Wọ́n fọ́ òkúta lórí òkè, wọ́n ń yí i, wọ́n ń rù ú. Èjìká wọn bó. Rodolphe mọlémọlé ń tò ó, ó ń bá wọn jà pé èyí tóbi jù, èyí rí bí orí ìyá ọkọ ẹni. Àwa obìnrin sì dáná. Bẹ́ẹ̀ ni, a tún gúnyán, ṣùgbọ́n Antoinette kò fọwọ́ kan ọmọ odó. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó gbé e lé Narcisse lọ́wọ́, ó ní, "Àna mi, wá wo bí òfo ṣe wúwo tó." Narcisse gún un, ó ń làágùn, gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́ fún un. Iyán náà ní kókó. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ràhímọ́tù fúnra rẹ̀ tẹ̀lé páànù wá láti Dassa, páànù tí ó nípọn. Ó fi èékánná kàn án kí wọ́n tó gbé e gorí ilé. Kò dún bí agolo. Ó wò mí, mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí wọ́n kan páànù tán ni Narcisse ń lọ sí Parakou. Ìgbéyàwó yóò jẹ́ lẹ́yìn Àjíǹde, Gisèle yóò sì bá a lọ lẹ́yìn náà. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ mímọ́, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká tí kò bó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ignace. Bàbá Ignace gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ni ó gbé àga rẹ̀ jáde síwájú ilé gàrí tuntun, ó jókòó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà abúlé. Kò sọ ohun tí ó ń ṣọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn obìnrin fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀, a dúró lẹ́bàá ògiri.

Narcisse ń lọ. Ó rìn kọjá oko ẹ̀gẹ́ wa. Nígbà yẹn ni Gisèle rí fìlà rẹ̀ lórí ògiri, ibi tí ó gbé e sí nígbà tí ó ń wẹ̀.

"Ìyá mi, fìlà rẹ̀!" Ó ti la ẹnu láti pè é.

Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Oòrùn á pa á," ni ó wí láàrin ìka mi.

"Fìlà wà ní Parakou."

Bàbá Ignace kò yíjú sí wa. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ lórí ògiri. Gisèle, ìwọ ni wàá mú un lọ fún un."

Narcisse dé ibi àpáta tí àwọn àna ti máa ń dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ falẹ̀. Ó ṣí àpò rẹ̀ láti èjìká kan sí èkejì. Antoinette di apá mi mú. Ara òkúta tí mo fi ẹ̀yìn tì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti inú oòrùn ọ̀sán, ó dúró gbọin lẹ́yìn mi.

Ó sì gbé ẹsẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta náà kọjá, ó yà sí ọ̀nà Dassa. Kò bojú wẹ̀yìn.